Òye Ajá Kékeré àti Àìbalẹ̀-Ọkàn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajá ni ọ̀rọ̀ òní, pàápàá jù lọ ajá kékeré, irú èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Ohun méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò nípa rẹ̀. Èkíní ni òye rẹ̀, èyí tí í ṣe bí ó ti ń mọ nǹkan, bí ó ti ń rántí, àti bí ó ti ń fi ohun tó mọ̀ ṣe ìpinnu. Èkejì ni àìbalẹ̀-ọkàn rẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀rù tí kò lọ bọ̀rọ̀, tó ń bá ẹranko gbé kódà nígbà tí ohun tó dẹ́rù bà á ti kúrò nítòsí.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ajá kékeré fi di ohun tí à ń jíròrò lórí afẹ́fẹ́ ní àríwá Èkìtì? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 2011, tí ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé, tí ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì, onírúurú ènìyàn ti ń wọ àgbègbè yìí láti ìlú ńláńlá, àwọn mìíràn nínú wọn a sì gbé ajá òyìnbó kékeré wọn dání. Chihuahua, tó kéré jù lọ nínú gbogbo ẹ̀yà ajá, kò tíì wọ́pọ̀ níhìn-ín. Lhasa Apso, ajá onírun gígùn tó ti ilẹ̀ Tibet wá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀. Àmọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra: pé ó máa ń gbọ̀n láìnídìí, pé ó máa ń gbó mọ́ àlejò títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, pé ó máa ń gé ọwọ́ tó fẹ́ fi pa á lára jẹ, pé bí a bá pè é kò ní í dáhùn. Àwọn kan a ní òmùgọ̀ ni, àwọn mìíràn a ní ìkà ni, ẹlòmíràn a tilẹ̀ ní ó ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Ta ló jàre nínú wọn? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tó jàre níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ló ń ba ajá náà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ti mọ ajá tipẹ́tipẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ìrè-Èkìtì, tó wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni ìlú Ògún Onírè, gbogbo ọmọ Yorùbá ló sì mọ̀ pé ajá ni ẹran Ògún. Ìdí tí ajá fi sún mọ́ Ògún tó bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ ọdẹ, nítorí pé ajá ni ojú, etí àti imú ọdẹ nínú igbó. Òwe tí àwọn àgbà máa ń pa pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ènìyàn la sábà máa ń fi í kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ńlá ló jẹ́ nípa ajá fúnra rẹ̀: ajá tí kò sọnù ni èyí tó ń fetí yọ fèrè ọ̀gá rẹ̀ nínú ariwo igbó, tó mọ ohun tí fèrè náà ń wí, tó sì fi ohun tó ń lépa sílẹ̀ láti padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ ọdẹ àti ajá rẹ̀ mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Òsọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé, ṣe kọ́ àwọn ọmọdé láti ìran dé ìran pé ajá mọ orúkọ tí à ń pè é, ó sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu òyìnbó ni ọmọ Èkìtì ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ajá ní làákàyè.

Báwo wá ni a ṣe ń wọn làákàyè ajá? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gba sùúrù díẹ̀. Ní ọdún 1994, Stanley Coren, onímọ̀ nípa ìhùwàsí tó ń kọ́ni ní Yunifásítì kan ní Kánádà, gbé ìwé kan jáde nípa òye ajá, ó sì to àwọn ẹ̀yà ajá láti orí dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó béèrè èrò nǹkan bí 200 adájọ́ tó ń ṣe ìdíje ìgbọràn ajá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, pé ìgbà mélòó ni ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ àṣẹ tuntun kó tó mọ̀ ọ́n, àti pé bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, ǹjẹ́ ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà tí a bá pàṣẹ? Border Collie, ajá àwọn darandaran ilẹ̀ Scotland, ló wà ní òkè pátápátá. Nínú ipò 79 tó wà nínú ìwé náà, ipò 67 ni Chihuahua wà, Lhasa Apso sì tẹ̀ lé e ní ipò 68.

Ǹjẹ́ èyí fi hàn pé òmùgọ̀ ni wọ́n? Rárá o. Ẹ wo ẹni tó wà ní ipò 78, tó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹni ìkẹyìn: Basenji ni, ajá ọdẹ láti ilẹ̀ Kóńgò, onírun kúkúrú, elétí ṣónṣó, tí ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, tó jọ ajá ìbílẹ̀ wa púpọ̀. Ajá yìí ni àwọn ọdẹ inú igbó Áfíríkà fi ń lé ẹran wọ inú àwọ̀n, tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà láìsí pé ẹnì kan ń pàṣẹ fún un ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ta ni yóò wá dúró níwájú ọdẹ Ìrè kó sọ fún un pé irú ajá bẹ́ẹ̀ kò gbọ́n? Coren fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni òye ajá pín sí: ọgbọ́n tó bá ẹ̀yà rẹ̀ wáyé, bí ọgbọ́n ọdẹ tàbí ti ìṣọ́lé, ọgbọ́n tí ajá fúnra rẹ̀ ń kọ́ láti inú ìrírí, àti ọgbọ́n gbígba àṣẹ lẹ́nu ènìyàn. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni ìtò rẹ̀ wọ̀n, àmọ́ èyí ni àwọn ènìyàn mú, tí wọ́n sì fi sọ gbogbo òye ajá di ìgbọràn. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró lé: ìgbọràn wà lára òye, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òye.

Ìbéèrè mìíràn tí olùgbọ́ lè béèrè ni pé, níwọ̀n bí orí ajá kékeré ti kéré, ṣé ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ kò kéré ju èyí tó lè ronú lọ ni? Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Arizona ní Amẹ́ríkà gbé èyí yẹ̀ wò nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2019, èyí tó kan àwọn ajá tí iye wọn ju 7,000 lọ. Wọ́n rí i pé àwọn ajá tí ọpọlọ wọn tóbi máa ń rántí ibi tí a fi oúnjẹ pamọ́ sí fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n sì máa ń lè kó ara wọn níjàánu dáadáa nígbà tí a bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú òye àárín ajá àti ènìyàn, èyí tí í ṣe mímọ ohun tí ènìyàn ń tọ́ka sí àti mímọ ibi tí ojú ènìyàn wà, títóbi ọpọlọ kò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ajá kékeré mọ ojú ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ajá ńlá ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀ lè dojú abọ́ méjì délẹ̀ níwájú ajá rẹ̀, kó ti fi èérún ẹran pa inú àwọn méjèèjì kí òórùn wọn lè dọ́gba, kó wá fi ègé ẹran sábẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ kí ajá rí i, kó sì na ìka sí i. Ọ̀pọ̀ ajá ni yóò lọ síbi tí ìka nà sí, láìka bí wọ́n ti tóbi sí.

Òye yìí gan-an ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rù, nítorí pé ẹranko tó ń ka ojú ènìyàn dáadáa yóò ka ìbínú, ìkánjú àti àìdúró-sójú-kan rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ara ajá kékeré ti rí. Láti orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni Chihuahua ti wá, orúkọ ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kìlógíráàmù mẹ́ta lọ. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ rí i pé àyípadà kan nínú àbùdá tí ajá ń jogún, èyí tí wọ́n ń pè ní IGF1, tó ń darí bí ara ti ń dàgbà tó, kó ipa ńlá nínú ohun tó ń sọ ajá di kékeré. Kí ni ìtumọ̀ èyí fún ajá inú ilé? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ajá yìí ń gbé láàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ńlá. Ẹsẹ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ, ọwọ́ tó ń ti òkè bọ̀ wá bá a lè gbé e kúrò nílẹ̀ nígbàkígbà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọdé tó bá ṣèèṣì jókòó lé e lè ṣẹ́ egungun rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ó ní ìdí.

Àmọ́ ìdí náà kò tán sí ara kékeré nìkan. Ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, àwọn onímọ̀ bi àwọn tó ní ajá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè nípa ẹ̀rù àti ìjà ajá wọn, wọ́n sì rí i nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2020 pé àwọn ajá kékeré máa ń bẹ̀rù àlejò ju àwọn ajá ńlá lọ, àti pé ajá tí a kò fi ojú rẹ̀ mọ ayé nígbà tó wà ní ọmọ, tí kì í sì í rìn káàkiri tó, ni ẹ̀rù náà máa ń mú jù. Kó tó dìgbà náà, ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní ìlú Vienna ní Ọ́síríà ti fi ajá kékeré wé ajá ńlá. Wọ́n rí i pé àwọn ajá kékeré kì í gbọràn tó, wọ́n sì máa ń bínú, wọ́n máa ń fòyà jù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé àwọn olówó wọn kì í kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tó, wọn kì í sì í dúró lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí wọ́n fàyè gbà lónìí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jágbe mọ́ ajá lọ́la.

Ṣé olùgbọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí? Bí ajá ńlá bá fo mọ́ àlejò, gbogbo ilé ni yóò dìde láti kọ́ ọ. Bí ajá kékeré bá ṣe ohun kan náà, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a gbé e sókè, wọn a sì máa fi í ṣeré. Ajá náà kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀ ju pé àlejò jẹ́ ewu, àti pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí òun ń wí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àmọ́ àìka ajá kékeré sí kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn rántí pé ó nílò ẹ̀kọ́ rárá.

Kí wá ni ajá máa ń wí kó tó gbó, kó tó géni jẹ? Ibí yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí a ti sọ lọ, nítorí pé ajá kì í ṣàdédé géni jẹ. Ó máa ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ó lè yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Ó lè máa lá imú rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí. Ó lè gbé ojú kúrò lára ẹni tó ń bọ̀ wá bá a, kí funfun ojú rẹ̀ sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè da etí sẹ́yìn, kó ki ìrù bọ abẹ́ inú, kó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kó tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó le gbandi. Bí àwọn àmì wọ̀nyí kò bá ràn án lọ́wọ́, yóò kùn. Bí kíkùn náà kò bá ràn án lọ́wọ́, ìgbà náà ni yóò fi eyín sí i. Kódà ìrù jíjù kì í ṣe ayọ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé ìrù tó dúró ṣánṣán lókè, tó ń mì pẹ́pẹ́pẹ́, lè jẹ́ ti ajá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Èyí ló fà á tí lílu ajá nítorí pé ó kùn fi jẹ́ àṣìṣe ńlá. Ajá tí a lù títí tí kò fi kùn mọ́ kò borí ẹ̀rù rẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan la gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn tí ọmọdé bá tún dì mọ́ ọn lọ́rùn, yóò géni jẹ láìkìlọ̀, àwọn ará ilé yóò sì ní ó ṣàdédé yí padà ni. Ìwádìí ti Vienna tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé níbi tí ìyà bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni ìbínú àti ìpayà ajá ti ń pọ̀, àti pé láàárín àwọn ajá kékeré ni àìbalẹ̀-ọkàn ti ń bá ìyà rìn jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Báwo ni a ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ kọ́ ọ, nígbà wo la sì ń bẹ̀rẹ̀? John Paul Scott àti John Fuller, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ajá láti mọ bí ìwà wọn ti ń dàgbà, ṣàlàyé nínú ìwé wọn tó jáde ní ọdún 1965 pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn tí a bí ọmọ ajá, ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ohun tuntun ju ìgbàkígbà mìíràn lọ. Ohun tó bá rí ní àkókò yìí láìsí ìpalára, yóò gbà á bí ara ayé rẹ̀. Ohun tí kò bá rí, ó lè bẹ̀rù rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Àwọn ọdẹ wa kò kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é: ọmọ ajá ń dàgbà láàárín ènìyàn, ó ń bá àgbà ajá rìn, ó ń gbọ́ ìró ìbọn láti òkèèrè kó tó sún mọ́ ọn, ó sì ń rí àgbà ajá tí kò sá, òun náà kò sì ní í sá.

Ọ̀pọ̀ ajá òyìnbó kékeré kì í rí irú ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n lè ti já a kúrò lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà tó yẹ kó wà pẹ̀lú ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ ó kéré tán. Wọ́n á wá tì í mọ́ inú yàrá kan tàbí inú ilé onírin, nígbà tí olówó rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́ tàbí síbi ẹ̀kọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni yóò máa wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, àti pé nígbà tí ìsinmi bá dé, ọwọ́ ta ni yóò wà. Bí ó bá sì ti rà á tán, kí ó máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀: lónìí kó rí alùpùpù tó ń kọjá, lọ́la kó rí ìyá arúgbó tó ń tẹ̀ ọ̀pá, lọ́túnla kó gbọ́ ìró ọlọ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ láti òkèèrè, kí èérún ẹran díẹ̀ sì máa bá gbogbo rẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n kí ajá tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, apá ni kí wọ́n fi gbé e, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ tí àwọn ajá tí a kò mọ̀ ti ń rìn, nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń pa ọmọ ajá.

Ariwo ni olórí ọ̀tá àwọn ajá tó ń fòyà. Nínú ìwádìí ńlá kan láti Helsinki, tó kan ajá tó lé ní 13,000, ìbẹ̀rù ariwo ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àìbalẹ̀-ọkàn wọn; nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ajá náà ló ní in. Ní àríwá Èkìtì, ààrá àkọ́rọ̀ òjò, báńgà àwọn ọmọdé lóṣù Kejìlá, ìbọn àríyá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn òde òkú ni ẹ ó rántí. Kí ni ṣíṣe? Kí wọ́n má so ajá mọ́ ìta gbangba ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò rí ibi sá sí ni ẹ̀rù ń mú jù. Kí wọ́n jẹ́ kó wọ yàrá tó dákẹ́, kí aṣọ tó ní òórùn olówó rẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tù ú nínú. Àwọn kan gbà pé títu ajá nínú yóò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kì í ṣe ìwà tí a ń fi ìtùnú san ẹ̀san fún.

Kí a má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo gbígbọ̀n ni ẹ̀rù. Ara kékeré kì í pẹ́ tutù, ọyẹ́ àwọn ìlú wa tó wà lórí òkè kì í sì í ṣe eré fún Chihuahua. Ebi pẹ̀lú lè mú kí ọmọ ajá kékeré gbọ̀n, kó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kó tilẹ̀ dákú, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Bákan náà, orí ọ̀pọ̀ Chihuahua ní ojú ibi rírọ̀ kan tí egungun rẹ̀ kò pàdé, kódà nígbà tó bá dàgbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó o lórí, kí àwọn òbí sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ohun tó kù ni èyí tí ó léwu jù, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Bí ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá yí padà lójijì, tó ń gé ohunkóhun jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn gbígbó rẹ̀ yí padà, tí àgbọ̀n rẹ̀ jábọ́ tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí wọ́n má ṣe pè é ní àìbalẹ̀-ọkàn. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi, àrùn tó ń gba inú itọ́ ajá wọ ara ènìyàn, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é tí àmì rẹ̀ bá ti hàn. Ajá ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àrùn náà lára ènìyàn ní gbogbo àgbáyé. Àwọn tó ní ajá kékeré sì máa ń sọ pé tàwọn kì í jáde nílé, nítorí náà kò nílò abẹ́rẹ́. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ajá kan tí wọ́n kò mọ̀ tó bá wọ inú ọgbà lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Ẹni tí ajá bá gé jẹ, ì báà ṣe ajá ilé tàbí ti ìgboro, ì báà ṣe egbò kékeré, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó má ṣe fi ata tàbí epo sí i, kó sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, láìdúró wo bí yóò ti rí. Ní ti ajá, láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ni ó ti lè gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa àrùn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìgbógunti àrùn yìí, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dúró de ọjọ́ náà. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ ní ajá nílé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó wà nítòsí yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà náà bí ó ti ń hùwà nílé, pé ó ń gbọ̀n, pé ó ń sá, pé ó ń kùn, kí ó lè bá yín wò ó bóyá ara ló ń dùn ún tàbí ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀.